Kòkòrò Tó Kàwé

Àbúrò bàbá mi kì í rìn bí ènìyàn lásán. Bí ẹni tí wọ́n ń ya fọ́tò ló máa ń rìn. Bó bá fẹ́ lọ ra búrẹ́dì ní ìsọ̀ tó kọjú sí ilé wa, á kọ́kọ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà, á gbé ikùn síwájú, á gbé àgbọ̀n sókè, á wá wo ọ̀tún wo òsì, bóyá ẹni tó yẹ kó rí i wà nítòsí. Bí kò bá sí ẹnìkan, á padà wọlé, á dúró kí èrò pọ̀ díẹ̀.

Bàbá Kékeré là ń pè é nínú ilé. Àwọn orúkọ tí òun fún ara rẹ̀ kò lóǹkà, èmi ni mo sì mọ gbogbo wọn, torí èmi ni mo ń kọ wọ́n. Iṣẹ́ mi ni kí n máa fi ọ̀dà kọ pátákó fún àwọn onísọ̀. Nígbà tí Bàbá Kékeré ń ta koróbá, mo kọ "Ọba Koróbá" síwájú ìsọ̀ rẹ̀. Nígbà tí koróbá kò tà, tó bọ́ sídìí agbòjò, mo pa Ọba Koróbá rẹ́, mo kọ "Olùgbàlà Orí." Ọdún yẹn ni òjò kọ̀ tí kò rọ̀. Àwọn aráàdúgbò bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀wọ́ padà sídìí koróbá, kí òjò lè ríbi rọ̀.

Mo fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. Ó yẹ kí n tètè sọ ìyẹn, torí ohun tí mo fẹ́ ròyìn yìí kò ní jọ bẹ́ẹ̀.

Ohun tó sọ ọ́ di ọ̀jọ̀gbọ́n kò ju pé inú rẹ̀ dì lọ. Ìfun rẹ̀ da iṣẹ́ sílẹ̀, wọn ò sì sọ ohun tí wọ́n ń béèrè fún. Ó jókòó sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ láàárọ̀, ó jókòó síbẹ̀ lọ́sàn-án, ó ń ka ìwé ìròyìn àtijọ́ títí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn tó kú nínú rẹ̀ kẹ́dùn. Nígbà tó yá, Ìyá Àgbà, ìyá tó bí òun àti bàbá mi, bu ife wàrà kíkan kan, ó gbé e síwájú rẹ̀.

"Mu ún."

"Ìyá mi, wàrà yìí ti kan."

"Ìwọ náà ti kan. Mu ún."

Ó mu ún. Nígbà tó di àṣálẹ́, ìdaṣẹ́sílẹ̀ parí. Gbogbo ilé ló gbọ́ ọ. A kò dárúkọ rẹ̀ nídìí oúnjẹ, ṣùgbọ́n a mọ̀ pé àlàáfíà ti dé. Bàbá Kékeré jáde bí ẹni tó ti ìrìn àjò ọ̀nà jíjìn dé, ó sì kéde fún wa pé òun ti ṣàwárí nǹkan kan.

Ohun tó ṣàwárí ti wà nínú ilé ìdáná wa kí wọ́n tó bí i.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ìyá Àgbà ní ìkòkò kékeré kan tó ní ìdérí. Inú rẹ̀ ló ti máa ń fi wàrà kíkan sí. Kò sí àṣírí ńlá kan ńbẹ̀. Bí a bá mu wàrà náà, a ó ṣẹ́ díẹ̀ kù sí ìsàlẹ̀. Díẹ̀ yẹn là ń pè ní Ìyá Ìkòkò. A ó da wàrà lílọ́wọ́ọ́wọ́ lé e lórí, a ó bò ó, ilẹ̀ á mọ́, gbogbo rẹ̀ á ti kan, á ti ki. A ó tún mu ún, a ó tún ṣẹ́ díẹ̀ kù. Òfin kan ṣoṣo ló wà: a kì í mu Ìyá Ìkòkò tán.

Gbogbo àdúgbò ló sì ní tirẹ̀, torí Ìyá Àgbà kì í fi du ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé, á fún un ní ṣíbí méjì mẹ́ta. Bí tẹnìkan bá bàjẹ́, á gbé ife lọ sí ilé kejì, wọ́n á bù fún un. Báyìí ni Ìyá Ìkòkò ṣe ń lọ láti ilé dé ilé, bí ìyá àgbà tó ń bẹ àwọn ọmọ rẹ̀ wò. Ìyá Àgbà fúnra rẹ̀ kì í lè jẹun dáadáa bí kò bá mu wàrà náà láàárọ̀. Bó bá jẹun láìmu ún, inú rẹ̀ á wú, á sì máa fi ọwọ́ pa á títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Bàbá Kékeré wo gbogbo èyí, ó mi orí.

"Ìwà òmùgọ̀," ó wí. "Ẹ wo ìṣúra tí ẹ̀ ń bù fúnra yín bí omi òjò."

Láti ọjọ́ náà ni wàásù ti bẹ̀rẹ̀. Bí o bá kí i pé ẹ káàárọ̀, á ní, "Báwo ni ìfun?" Ó ka nǹkan díẹ̀ nípa kòkòrò rere tó ń gbé inú ènìyàn, àwọn tójú kò lè rí, tó ń bá wa da oúnjẹ. Òótọ́ ni ohun tó kà. Bó ṣe ń tún un sọ ni ìṣòro. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í pa òwe.

"Àwọn àgbà ní, ikùn tí kò mu wàrà, àpò ìnira ni."

"Àwọn àgbà wo?" Ìyá Àgbà bi í. "Èmi ni àgbà. N kò sọ bẹ́ẹ̀."

"Àgbà ibòmíràn ni, Ìyá mi."

Kò pẹ́ tó fi pè mí sí ìsọ̀ rẹ̀, mo pa Olùgbàlà Orí rẹ́, mo kọ "Ọ̀jọ̀gbọ́n Inú." Ó ra ẹ̀wù funfun gígùn kan, irú èyí tí àwọn dókítà máa ń wọ̀. Ó ní kí n fi ọ̀dà kọ nǹkan sí ẹ̀yìn rẹ̀.

"Kí ni kí n kọ, Bàbá Kékeré?"

Ó ronú títí. "Àwọn tó wà níwájú mi á rí ojú mi, ìyẹn ti tó wọn. Àwọn tó wà lẹ́yìn ni mò ń ṣàánú. Kọ ọ́ pé: Ẹ TẸ̀LÉ MI."

"Lẹ́tà kékeré tàbí ńlá?"

"Kí wọ́n lè kà á láti òkèèrè."

Mo lo ọ̀dà pupa. Mo kọ ọ́ láti èjìká dé ìdí. Bó bá wọ ẹ̀wù náà tó ń lọ lójú ọ̀nà, á kàn rí bíi pé bọ́ọ̀sì ló ń kọjá.

*

Ẹ̀rù kan ṣoṣo ló ń ba Bàbá Kékeré: ta ni yóò ra wàrà kíkan lọ́wọ́ òun, nígbà tí olúkúlùkù ní tirẹ̀ nílé lọ́fẹ̀ẹ́? Ó dojú kọ ọ̀rọ̀ náà bí ọ̀mọ̀wé. Ó kó gbogbo àdúgbò jọ síwájú ìsọ̀.

"Ẹ̀yin ènìyàn mi, kòkòrò ló wà nínú wàrà yín, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni," wọ́n ní.

"Ta ló tọ́ ọ?"

Wọ́n wo ara wọn.

"Ẹ ò mọ̀. Kòkòrò inú ilé ìdáná ni. Ó dàgbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àdògán. Kò kàwé. Ẹ wá gbé e mì, ẹ ní kó lọ tún ìfun yín ṣe. Ṣé ẹ lè gbé aláìkàwé lọ tún rédíò ṣe?"

Oníbúrẹ́dì, ọkùnrin ńlá kan tí kì í gba ọ̀rọ̀ lásán, béèrè pé, "Kòkòrò tiyín ńkọ́?"

"Tèmi kàwé."

"Níbo?"

"Lọ́dọ̀ mi."

Ó ní kí olúkúlùkù lọ gbé Ìyá Ìkòkò rẹ̀ wá, kó dà á sínú koróbá tó wà níwájú ìsọ̀. Koróbá kò ṣọ̀wọ́n fún un, ó ṣì ní púpọ̀ tí kò tà. Ẹni tó bá da tirẹ̀ á gba ìgò wàrà kan lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ mọ bí ọ̀fẹ́ ṣe ń ṣe ojú ènìyàn. Wọ́n tò. Wọ́n dà á. Koróbá kún, Bàbá Kékeré sì dà á sí gọ́tà. Mo dúró síbẹ̀, mo ń wo gọ́tà náà. Ìdílé wa ni mò ń wò tó ń ṣàn lọ.

Aránbàtà kan wà lára wọn. Ọkùnrin kúkúrú tó máa ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ ni, ìsọ̀ rẹ̀ kò jìnnà sí tiwa. Òun gbé ìgò méjì wá.

"Èyí ni tèmi," ó wí, ó sì dà á nù. "Èyí ni ti ológbò mi."

"Ológbò?" ni Bàbá Kékeré wí.

"Kì í mu wàrà tútù, Ọ̀gá. Inú rẹ̀ kò gbà á. Mo máa ń gbé tirẹ̀ sọ́tọ̀."

Bàbá Kékeré rẹ́rìn-ín àánú. Ó fi ìka kan ti ìgò náà padà. "Gbé e lọ, ọ̀rẹ́ mi. Ikùn ológbò kò yẹ fún ẹ̀kọ́. Aláìkàwé sí aláìkàwé, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa bá ara wọn ṣe."

Gbogbo ènìyàn rẹ́rìn-ín. Aránbàtà gbé ìgò ológbò rẹ̀, ó lọ sílé.

Nígbà tó yá, ó ku ìkòkò Ìyá Àgbà nìkan. Ìyẹn ni Bàbá Kékeré kò dà nù. Ó wá gbé e fúnra rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú.

"Ààbò ni mo fẹ́ fún un, Ìyá mi. Bí ilé ìdáná bá jó ńkọ́? Èmi ni mo máa fún yín ní ìgò tiyín láràárọ̀."

"Ilé ìdáná yìí kò jó láti ìgbà tí mo ti ń dáná níbẹ̀."

"Ọ̀la ni mò ń sọ."

Ìyá Àgbà wò ó. Ọmọ rẹ̀ ni, àbíkẹ́yìn ni. Ó jẹ́ kó gbé e lọ. "Má mu ún tán o," ó kàn wí bẹ́ẹ̀.

"Ṣé ọmọdé ni mí ni?"

*

Ọjà tà. Ẹ ò rí ìsọ̀ tó tà bẹ́ẹ̀ rí. Èmi ni mò ń kọ orúkọ sára ìgò, ọwọ́ mi sì kú.

Ṣùgbọ́n Bàbá Kékeré kò sùn dáadáa. Ó ti rí i pé ẹnikẹ́ni tó bá ra ìgò kan lè ṣẹ́ díẹ̀ kù, kó da wàrà lé e, kó má sì padà wá mọ́ láéláé. Ó ta aṣọ sí àárín ìsọ̀. Lẹ́yìn aṣọ náà ló gbé sítóòfù sí. Bí wàrà bá ti kan tán, á ṣẹ́ Ìyá Ìkòkò sọ́tọ̀, á wá gbé gbogbo ìyókù kaná, á sè é títí á fi hó, lẹ́yìn náà ló tó ń rọ ọ́ sí ìgò.

Mo ká a mọ́bẹ̀.

"Bàbá Kékeré, ṣé wọn ò ní kú?"

"Kí ni kò ní kú?"

"Àwọn kòkòrò tó kàwé."

Ó fi ṣíbí ro wàrà náà yípo. "Ẹni tó bá kàwé kì í bẹ̀rù iná."

Kò pẹ́ tí àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Oníbúrẹ́dì ń di ikùn mú lẹ́yìn tábìlì. Àwọn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí kì í ní èrò wá di ibi tí wọ́n ń kànkùn sí. Bí o bá kí ènìyàn, á dáhùn láti ibi jíjìn kan. Ìyá Àgbà náà mu ìgò tirẹ̀, ó tọ́ ọ wò, ó gbé e kalẹ̀.

"Wàrà yìí ti kú."

"Ahọ́n yín ló ti dàgbà, Ìyá mi," ni Bàbá Kékeré dá a lóhùn.

Lálẹ́ ni mo máa ń rí Ìyá Àgbà tó ń fi ọwọ́ pa inú rẹ̀ lórí ibùsùn. Mo lọ bá Bàbá Kékeré pé kó ṣáà bu ṣíbí kan láìsè fún ìyá rẹ̀. Ó ní bóun bá ṣe é fún ẹnìkan, òun á ṣe é fún gbogbo ayé. "Ìlànà ni ìlànà," ó wí. Lẹ́yìn náà ló wo ojú mi, ó tún fi kún un pé, "Jẹ́ kí dókítà yẹn wá lọ ná. Lẹ́yìn ìyẹn, màá fún Ìyá mi ní odindi ìkòkò."

Dókítà tó ń sọ ni ọ̀gá ilé ìwòsàn tó wà lókè ọ̀nà wa. Obìnrin tó máa ń sọ̀rọ̀ díẹ̀ ni. Ó ti gbọ́ nípa wàrà náà, ó sì fẹ́ máa rí i rà fún àwọn aláìsàn tí oògùn líle ti da inú wọn rú. Ó ní òun á wá wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Bàbá Kékeré gbọ́ èyí, àgbọ̀n rẹ̀ lọ sókè débi pé kò rí ilẹ̀ mọ́. Ó sọ fún gbogbo àdúgbò pé kí wọ́n gbé àga wá. Òun á fi wàrà sí ìkòkò ní alẹ́, òun á ṣí i lójú dókítà láàárọ̀, kí gbogbo wọn wo iṣẹ́ ọwọ́ òun.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, obìnrin kan tó ni ilé alájà gogoro ládùúgbò wa dé, ó ń lọ sí ìrìn àjò. Ó fẹ́ ra wàrà. Ìgò ti tán.

"Kò sí rárá rárá?" ó bi í. "Mo rò pé ìsọ̀ ńlá nìyí."

Kò yẹ kó sọ gbólóhùn kejì yẹn. Mo rí ojú Bàbá Kékeré. Ó wo ìkòkò Ìyá Àgbà.

"Bàbá Kékeré," ni mo wí.

"Dákẹ́."

"Ìyá Ìkòkò nìyẹn o."

Ó fà mí sẹ́yìn aṣọ títa, ó sọ̀rọ̀ sí mi létí. "Ṣé o ṣì gbà gbọ́ pé ìkòkò ló ń ṣiṣẹ́ yìí? Láti ìgbà tí mo ti ń ṣe é, ṣé ó kọ̀ láti kan rí? Ọwọ́ mi ni, ọmọ mi. Ọwọ́ mi ni ìyá rẹ̀."

Ó gbé Ìyá Ìkòkò kaná. Ó sè é, gẹ́gẹ́ bí ìlànà. Ó rọ ọ́ sí ìgò, ó tà á. Obìnrin náà kò tíì wọ mọ́tò tó fi mu ún tán.

Lẹ́yìn èyí ló fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ ìkòkò náà kó lè dán lójú àlejò. Ó da wàrà tuntun sí i. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé e lórí, ó di ojú, ó bá wàrà náà sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ó ní ọ̀rọ̀ ìyànjú ni.

*

Ilẹ̀ mọ́. Àga kún iwájú ìsọ̀. Ìyá Àgbà jókòó sí iwájú, ó fi ìborùn wé ikùn rẹ̀. Ìkòkò wà lórí tábìlì, wọ́n fi aṣọ funfun bò ó bí ìyàwó. Bàbá Kékeré dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú ẹ̀wù rẹ̀, ó ń yí síbí yí sọ́hùn-ún kí gbogbo ènìyàn lè ka ẹ̀yìn rẹ̀.

Dókítà dé. Kò jókòó. "Ẹ káàárọ̀ o, Bàbá. Ẹ jẹ́ ká wo wàrà."

"Ọ̀rọ̀ ìṣáájú díẹ̀, Dókítà."

Ọ̀rọ̀ ìṣáájú náà gùn. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n dá màlúù. Nígbà tó dé ibi ìfun, ikùn oníbúrẹ́dì dá a lóhùn, gbogbo wa gbọ́ ọ, a sì ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

"Wàrà mi ń wo inú rírun," ni Bàbá Kékeré wí. "Ó ń wo inú wíwú, inú dídì, àti inú bíbí."

"Inú bíbí?" ni Dókítà béèrè.

"Àti inú fífu."

Dókítà mi orí díẹ̀. "Wàrà kíkan dára fún ikùn ọ̀pọ̀ ènìyàn, Bàbá. Kì í ṣe oògùn gbogbo nǹkan. Èmi ò béèrè ju kí kòkòrò inú rẹ̀ wà láàyè lọ."

"Láàyè?" Bàbá Kékeré rẹ́rìn-ín. "Wọ́n ń jó!"

Ó ṣí aṣọ náà. Ó gbé ìkòkò sókè kó lè fi bí wàrà náà ṣe ki hàn, ó dojú rẹ̀ kọ ife. Wàrà náà rọ́ jáde bí omi ẹ̀rọ, ó kún ife, ó kọjá ife, ó ṣàn lọ sórí tábìlì, ó kán sí bàtà Dókítà.

Dókítà gbé ife náà, ó tọ́ ọ wò. "Wàrà ni."

"Ẹ ṣé, Dókítà."

"Rárá. Mo ní wàrà lásán ni. Kò kan."

Bàbá Kékeré wo inú ìkòkò. Ó tún un wò. "Wàrà tó kàwé kì í kánjú, Dókítà. Ó ń ronú."

"Kí lẹ fi ṣe ìyá rẹ̀ lálẹ́ àná?"

"Ọwọ́ mi."

Ibẹ̀ ni Ìyá Àgbà ti dìde. Kò pariwo. "Níbo ni Ìyá Ìkòkò mi wà?"

"Ìyá mi, ẹ jẹ́ kí Dókítà..."

"Níbo ló wà?"

Bàbá Kékeré wo ọ̀tún, ó wo òsì. Èrò tó ti ń wá láti ọjọ́ yìí ti pé síbẹ̀. "Mo tà á."

"O ta Ìyá."

"Obìnrin náà ń lọ sí ìrìn àjò ni."

Dókítà gbé ọwọ́ sókè. "Kì í ṣe nǹkan ìbànújẹ́, Ìyá. Ẹnikẹ́ni tó bá ní ìgò wàrà Bàbá nílé, ẹ ṣáà bù ú sí wàrà tuntun, á padà bọ̀ sípò."

"A ti gbìyànjú rẹ̀, Dókítà," ni oníbúrẹ́dì wí. "Mo bù ú sí wàrà títí. Kò bí nǹkan kan."

Dókítà yíjú sí Bàbá Kékeré. "Ṣé ẹ máa ń sè é ni?"

Inú Bàbá Kékeré dùn. Ó ti rí ìbéèrè tó mọ̀. "Mo ń sè é dáadáa! Títí á fi hó! Kí ẹnikẹ́ni má baà lè mú un lọ ṣe ìyá nílé ara rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mu òmíràn, ó di dandan kó padà wá sọ́dọ̀ mi!"

Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn tó ti jáde. Gbogbo wa ti gbọ́ ọ ṣáájú rẹ̀.

"Ìyẹn ni pé wọ́n ti kú," ni Dókítà wí.

"Wọ́n... wọ́n sinmi."

"Òkú kòkòrò la ti ń mu láti ọjọ́ yìí?" ni oníbúrẹ́dì kígbe.

"Òkú tó kàwé," ni mo wí. N kò mọ ìgbà tó bọ́ lẹ́nu mi.

Wọ́n ń pariwo, wọ́n ń na ọwọ́ sí i, ẹnìkan ń béèrè ta ló máa sanwó ìfun òun. Ìyá Àgbà ti padà jókòó. Ó gbé ìkòkò rẹ̀ lé orí ẹsẹ̀, ó fi ìka kan inú rẹ̀, ó gbóòórùn ọṣẹ.

"Ìyá mi ló fún mi lọ́jọ́ tí mo kúrò nílé," ó wí, bí ẹni tó ń bá ìkòkò náà sọ̀rọ̀. "Ó fi gèlè rẹ̀ wé e kó má baà tutù lọ́nà. A kó láti ilé dé ilé, ó bá wa kó. Òun ni mo fi já gbogbo yín lẹ́nu ọmú. Ìwọ náà."

Ariwo dá. Àgbọ̀n Bàbá Kékeré sọ̀kalẹ̀. N kò rí i níbi tó sọ̀kalẹ̀ dé yẹn rí. Mo rí i pé ó ní ọrùn.

Ẹnìkan wúkọ́ lẹ́yìn.

"Ẹ má bínú o," ni aránbàtà wí. "Ti ológbò mi wà."

A yíjú sí i.

"Ìyá Àgbà ló bù ú fún mi nígbà tí mo kó dé. Mo pín in sí méjì. Tèmi ni mo dà nù lọ́jọ́ náà. Ọ̀jọ̀gbọ́n ní kí n gbé ti ológbò lọ, pé ikùn rẹ̀ kò yẹ fún ẹ̀kọ́." Ó tún wúkọ́. "Ológbò náà ń ṣe dáadáa o. Inú rẹ̀ kò dì rí."

"Ṣé ìgò náà ní ìdérí?" ni Dókítà béèrè.

"Ó ní. Inú àwo lèmi ń bù ú sí fún un. Kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí ìgò."

Ìyá Àgbà gbé orí sókè. Ojú rẹ̀ ti yàtọ̀. "Wá lọ gbé e wá fún mi, ọmọ mi."

"Màá gbé e, Ìyá. Àmọ́ abẹ́ tábìlì iṣẹ́ mi ló wà, lẹ́yìn pátápátá, níbi tó ti lọ́wọ́ọ́wọ́. Mo máa ń fi ọ̀pá fà á ni. Ọ̀pá náà sì kán lánàá. Ó máa gba kéèyàn wọ abẹ́ rẹ̀."

"Kí ẹnìkan tó kéré..." ni Bàbá Kékeré bẹ̀rẹ̀.

"Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn," ni Ìyá Àgbà wí, "òun ni yóò fúnra rẹ̀ ru igbá rẹ̀ délé. Èmi àgbà ni mo sọ èyí. Kì í ṣe àgbà ibòmíràn."

Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wa ṣe kó lọ sí ìsọ̀ aránbàtà, Dókítà pẹ̀lú, Ìyá Àgbà pẹ̀lú ìkòkò rẹ̀. Tábìlì náà kò ga. Bàbá Kékeré wò ó, ó wò wá. Ó kúnlẹ̀. Ó ki orí bọ abẹ́ rẹ̀. Orí wọlé, ọrùn wọlé, èjìká fẹ́ kọ̀, ó tì í, òun náà wọlé. Ohun tó kù níta fún wa ni ìdí, pẹ̀lú ẹ̀yìn ẹ̀wù funfun náà, tó nà dáadáa, lẹ́tà pupa sì yọ gedegbe lórí rẹ̀.

Dókítà tẹ̀ síwájú díẹ̀. Ó kà á sókè, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń ka orúkọ oògùn. "Ẹ tẹ̀lé mi."

N kò lè ṣàpèjúwe ẹ̀rín náà. Oníbúrẹ́dì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ní láti ọjọ́ yìí, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí nǹkan máa mì nínú òun.

Lábẹ́ tábìlì, a gbọ́ ohùn Bàbá Kékeré. Ológbò náà ló ń bá sọ̀rọ̀. Ológbò sùn ti ìgò náà, ó gbé ọwọ́ lé e, kò sì ní in lọ́kàn láti dìde.

"Kúrò níbẹ̀," a gbọ́ tó wí.

A gbọ́ tí ológbò kùn mọ́ ọn.

Nígbà tí ohùn Bàbá Kékeré tún jáde, ó ti rọ̀. "Ẹ jọ̀ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá mi. Ẹ sún díẹ̀. Ìyá mi ni mo fẹ́ gbé e fún."

Bàbá Kékeré, tí kì í sọ "ẹ" fún aláàga ìlú, ló ń sọ ọ́ fún ológbò. Kò sì sí ẹni tó rẹ́rìn-ín sí ìyẹn.

Ó fi ẹ̀yìn jáde. Àtè bàtà wà ní iwájú orí rẹ̀, ìṣó kéékèèké wà lórúnkún, ìgò náà sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò wo ọ̀tún, kò wo òsì. Ó gbé e lọ bá ìyá rẹ̀. Ìyá Àgbà ṣí i, ó gbóòórùn rẹ̀, ó fi ìka kan tọ́ ọ wò. Ó di ojú.

"Òun ni," ó wí. "Gbé e lọ sílé ìdáná. Má sè é."

"N kò ní sè é, Ìyá mi."

"Bóo bá sì dé ibẹ̀, fọ àwo kan, bu ti ológbò onígò síbẹ̀ kí o tó bu ti ẹnikẹ́ni."

Bàbá Kékeré gbé ìgò náà sí àyà, ó bọ́ sójú ọ̀nà. Gbogbo àdúgbò tò sí ẹ̀gbẹ́ kan àti ẹ̀gbẹ́ kejì, wọ́n yà fún un kó lè kọjá, ẹ̀rín kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè gbé ẹsẹ̀. Kò sí ọ̀kan nínú wa tó tẹ̀lé e.

Ológbò nìkan ló jáde lábẹ́ tábìlì, tó na ara, tó gbé ojú sókè wo ẹ̀yìn ẹ̀wù náà láti òkèèrè. Ẹnikẹ́ni kò kọ́ ọ níwèé rí. Ó gbé ìrù sókè, ó sì ṣe ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀.